Ẹran Tí Kò Bàjẹ́

Láti ọjọ́ tí Rehnuma ti gbé àpótí yẹn wọlé ni mo ti ń bá a ṣọ̀tá. Igun tí mo máa ń tẹ́ ẹní mi sí ló gbà. Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Fufu ló ń pè mí, opó ni mí, ilé àbúrò mi Kolim ni mo ń gbé, igun yẹn nìkan ni mo sì lè pè ní tèmi lórí gbogbo erékùṣù iyanrìn wa, Kolmilota.

“Fufu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ẹní yín sún mọ́ ẹnu ọ̀nà,” ni Rehnuma wí.

“Èmi tí mo nu ìdí ẹ! Ṣé fíríìjì ló tọ́ ọ dàgbà ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi lọ́rùn, mo sì gbé ẹní mi kúrò. Ọmọ yẹn mọ bó ṣe ń mú mi.

Kì í ṣe fíríìjì ọjà. Rehnuma ni ẹni àkọ́kọ́ tó ti orí iyanrìn wa dé yunifásítì, ohun tó sì lọ kọ́ níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ ṣe bátìrì. Sólà orí páànù á fún bátìrì náà ní iná lọ́sàn-án, bátìrì á sì gbé àpótí náà di àárọ̀. Ìwádìí tirẹ̀ ni. Bí àpótí náà bá la ẹ̀ẹ̀rùn àti omíyalé já lọ́dọ̀ wa, tí oògùn inú rẹ̀ kò bàjẹ́, wọn yóò ṣe irú rẹ̀ fún gbogbo erékùṣù iyanrìn inú odò Jomuna. Wáyà iná kò lè dé ọ̀dọ̀ wa láéláé, nítorí odò lè gbé ilẹ̀ wa lónìí kó lọ dà á síbòmíràn lọ́la.

Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ìdí tó fi yan ẹ̀kọ́ yẹn. Nítorí Jhinuk ni, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, tí ìyá wọn bí kó tó kú. Àtọ̀gbẹ ti mú ọmọ náà láti kékeré, irú èyí tó jẹ́ pé bí kò bá gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, kíkú ló máa kú. Inú ìkòkò amọ̀ tá a rì sínú iyanrìn tútù la ti ń tọ́jú ìgò oògùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ooru bá dé, oògùn á bàjẹ́, a ó sì gbé ọmọ tí kò mọ ibi tó wà mọ́ sọdá odò pẹ̀lú ẹkún. Ojú wa rí màbo.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni Rehnuma kọ́ wa, ó sì kọ́ wa títí ó fi wọ̀ wá lára: ooru ló ń pa oògùn yìí. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fi kọrin. Ó tún ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan bọ́tìnì roboto tó wà lẹ́yìn àpótí, pé òun nìkan ló ń yí i láti fi dán agbára bátìrì wò. Ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò sọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó sọ ọ́, pẹ̀lú ẹnu ilé ìwé rẹ̀ tó máa ń yára yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́.

Lọ́dún yìí, Kolim fẹ́ pa màlúù fún Iléyá. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù ú, ṣùgbọ́n omi ló máa ń bá a pa ẹran rẹ̀. Ó sin ọmọ màlúù kan dàgbà fúnra rẹ̀, Jhinuk sì sọ ọ́ ní Ààrẹ, nítorí pé kò ṣe iṣẹ́ kankan, gbogbo wa la sì ń bọ́ ọ.

“Abba, Ààrẹ ti jẹun yó,” ló máa ń ké sí bàbá rẹ̀ láàárọ̀. “Ó wá ku àwa mẹ̀kúnnù.”

Rehnuma kò lè wá bá wa ṣọdún. Àwọn àlejò ń bọ̀ ní yunifásítì láti wá wo bátìrì oníyọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ sì ní kò gbọdọ̀ kúrò. Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, ìjì dé. Ó wó òpó fóònù tó wà ní òdìkejì odò, omi sì kún dé ẹsẹ̀ ilé. Síbẹ̀, nígbà tílẹ̀ mọ́, a kírun, Kolim dárúkọ Ọlọ́run, ó sì pa Ààrẹ lórí òkìtì. Jhinuk bojú.

Ọ̀nà mẹ́ta la pín ẹran náà sí bí a ti máa ń pín in: tiwa, ti ẹbí àti aládùúgbò, ti àwọn tálákà. Àwọn tálákà tiwa wà ní Dhaner, iyanrìn kejì, níbi tí omi ti gbé ilé wọn lọ. Kò sí ọkọ̀ tó lè dá a láṣà láti sọdá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Igi ìdáná náà ti rin gbingbin. Àwa obìnrin máa ń fi iyọ̀ àti atalẹ̀ pupa bọ ẹran ọdún ni, a ó sì máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ kó má bàa bàjẹ́. Lọ́jọ́ náà, èéfín nìkan la rí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, eṣinṣin ti bo ẹran àwọn tálákà.

Kolim ń rìn lọ rìn bọ̀. “Bubu, àmánà ni,” ló ń wí fún èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ẹran yẹn kì í ṣe tèmi mọ́. Tó bá rà mọ́ mi lọ́wọ́, ẹnu wo ni màá fi ṣàlàyé lọ́run?”

“Ṣé èmi ni mo ní kí òjò rọ̀?” ni mo dá a lóhùn.

Ó wo àpótí. Jhinuk rí ojú tó fi wò ó.

“Abba! Ẹ má sọ fún mi pé inú ilé oògùn mi lẹ fẹ́ kó Ààrẹ sí.”

“Ìgò ẹ yẹn, àyè mélòó ló ń gbà?”

“Apa ní ká má fi nǹkan míì síbẹ̀ o.” Apa ló ń pe Rehnuma, ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Apa ẹ ò sí ńbí. Tó bá wà ńbí, á mọ̀ pé ẹran tálákà kì í ṣe nǹkan míì.”

“Ó dáa o. Ṣùgbọ́n tí oògùn mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké bíi màlúù, ẹ̀yin lẹ máa gba abẹ́rẹ́ yẹn.”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Kolim kó ẹran náà sínú ọ̀rá, ó sì tò ó yí ìgò Jhinuk ká tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ó gbé ọwọ́ lé ẹran náà, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀rù bà á pé ooru ẹran lè pa oògùn, nítorí ẹ̀rù tí Rehnuma fi kọ́ wa nìyẹn. Ó wá nawọ́ sẹ́yìn àpótí, ó sì yí bọ́tìnì dé òpin òtútù.

Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ẹja ló ń bá àwọn oníṣòwò kó, inú yìnyín ni wọ́n sì máa ń tò ó sí. Ohun tó mọ̀ nípa òtútù ni pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni ẹja ṣe ń dára tó. “Yìnyín ò ba nǹkan jẹ́ rí,” ló wí. Mo ní òótọ́ ni. Níbi tí a ń gbé, ooru ló ń ba oúnjẹ jẹ́, ooru ló ń pa ọmọ ọwọ́, ooru ló ń pa oògùn. Ta ló sọ fún wa rí pé òtútù náà ń pa nǹkan?

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Jhinuk mú ìgò rẹ̀ jáde. Oògùn inú rẹ̀ ti dì, ó le koko.

“Fufu, ẹ wò ó, oògùn mi ti di súìtì.”

Kolim gbà á, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó títí ó fi yọ́. Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ó mọ́ gaara, kò sí ìdọ̀tí kankan nínú rẹ̀.

“Bátìrì ọmọ mi mà lágbára o!” ló wí, inú rẹ̀ sì ń dùn. Jhinuk gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ bó ṣe máa ń ṣe.

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ń mu omi, ó ń tọ̀, ó tún ń mu omi. Mo bínú sí i, mo ní ẹran ló jẹ lájẹkì.

“Ààrẹ ló ń gbẹ̀san, Fufu,” ló wí, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù, a sì mọ òórùn yẹn láti ìgbà ìkòkò amọ̀. Kolim fún un ní abẹ́rẹ́ sí i látinú ìgò kan náà, ó tún fún un sí i. Omi lásán ló ń gún sí ọmọ rẹ̀ lára, a kò mọ̀. Ó ń wo ìgò, ó ń wo ọmọ. “Oògùn yìí dáa,” ló ń wí. “Bubu, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ṣé kò dáa ni?”

Nígbà tí Jhinuk kò lè jókòó mọ́, Kolim ní odò ì báà gbé òun lọ, òun ń lọ sílé ìwòsàn. Ó ké sí Morjina aládùúgbò wa pé bí omi bá fà kí òun tó dé, kí obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀ bá òun gbé ẹran àwọn tálákà lọ sí Dhaner. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo gbé orí Jhinuk lé itan.

“Fufu,” ló wí láàárín odò, “ṣé Apa máa bínú pé a kó ẹran sínú àpótí ẹ̀?”

“Jẹ́ kó bínú. Èmi àti ẹ̀ ni.”

Kò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. A kò tíì rí èbúté nígbà tí èémí rẹ̀ dúró. Mi ò sọ fún Kolim. Ó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ wa ọkọ̀, mo sì jẹ́ kó máa wà á, nítorí mo mọ̀ pé ìgbà ìkẹyìn nìyẹn tí àbúrò mi máa ní ìrètí láyé yìí.

Wọ́n ti tún òpó fóònù ṣe lódìkejì, wọ́n sì bá wa pe Rehnuma. Sárì aláràbarà tó wọ̀ nítorí àwọn àlejò ló ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tó dé èbúté. Òun ló bá wa gbé àbúrò rẹ̀ padà sílé. Orí òkìtì ni wọ́n sin Jhinuk sí, níbi tí omi kò tíì dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa mọ̀ pé odò á gbé ibẹ̀ náà lọ lọ́jọ́ kan.

Àwọn ọkùnrin ṣì wà níbi ibojì nígbà tí Rehnuma ṣí àpótí rẹ̀. Omi ti fà, Morjina ti gbé ẹran lọ, ó wá ku àwọn ìgò níbẹ̀. Yìnyín ti gbá mọ́ ara àpótí nínú lọ́hùn-ún. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó fọwọ́ kan bọ́tìnì. Ó so fóònù rẹ̀ mọ́ àpótí, ó ka ohun tó rí níbẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ta ló yí i, Fufu?”

Mo sọ fún un.

“Oògùn yìí, tó bá ti dì pẹ́nrẹ́n, ó ti kú nìyẹn. Tó bá yọ́ padà, ojú lásán ò lè dá a mọ̀. Omi lẹ̀ ń gún sí i lára.”

Mo jágbe mọ́ ọn. “O ò sọ fún wa! Ooru, ooru, ooru, ohun tó o fi kọ́ wa nìyẹn! Ọjọ́ wo lo sọ pé òtútù náà lè pa á?”

“Mo ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnì.”

“O ò sọ ìdí!”

“Mi ò rò pé…” Ó ń sunkún. “Bátìrì náà ò kú o, Fufu. Kò tiẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Nínú òjò, tí kò sí oòrùn rárá, ó sọ ẹran rẹpẹtẹ di yìnyín. Kò sẹ́ni tó gbà ní yunifásítì pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.”

Kolim wọlé. Amọ̀ ibojì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Rehnuma, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé bátìrì ẹ ló kú? Ṣé ooru ló wọ oògùn?”

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀, ó wo amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ yẹn.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Abba. Bátìrì ló kú.”

Kolim mí kanlẹ̀. “Mo ti rò ó. Iyọ̀ ṣáà ni.” Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. “Má jẹ́ kó pa ọ́. O gbìyànjú. Ṣùgbọ́n má gbé e lọ fún ọmọ ẹlòmíì mọ́.”

“Mi ò ní gbé e lọ, Abba. Màá sọ fún wọn pé kò ṣiṣẹ́.”

Mo fẹ́ pariwo. Mo mọ àwọn ọmọ tó ní àìsàn kan náà lórí àwọn iyanrìn wọ̀nyí, tí oògùn wọn wà nínú ìkòkò amọ̀ títí di òní. Ọmọbìnrin yìí fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ fún ooru, ó fẹ́ da iṣẹ́ ayé rẹ̀ sódò, kí bàbá rẹ̀ má bàa mọ̀ pé òun ló pa ọmọ òun. Inú bí mi sí i. Mo wo ojú Kolim, mo sì pa ẹnu mi mọ́, nítorí èmi náà kò ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A kì í dáná nílé tí òkú ti sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn ará Dhaner gbé oúnjẹ wá fún wa, àwọn tí kò ní òrùlé lórí. Bàbá àgbà tó ṣáájú wọn, Moyez, gbé àwo ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹran síwájú Kolim, tí kò tíì fẹnu kan nǹkan. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu òkèlè àkọ́kọ́ sí i lẹ́nu.

“Jẹun, ọmọ mi. Ọlọ́run á tẹ́ ọmọ náà sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹran tó o fi ránṣẹ́ sí wa la sè. Àmánà ẹ pé lọ́wọ́ wa. Ṣé o mọ̀ pé ó le bí òkúta nígbà tí Morjina gbé e dé? Bó sì ti yọ́, ó dà bí ẹni pé àárọ̀ yẹn la pa á. Nínú ooru yìí! Ìyàwó mi ní òun ò rí irú ẹ̀ rí.”

Kolim dẹ́kun jíjẹ.

“Ó le bí òkúta?”

“Àáké la fi là á!”

Kolim wo àpótí. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, òkèlè ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Rehnuma. Bátìrì tó kú ló ṣe eléyìí?”

Rehnuma sún àwo náà mọ́ ọn.

“Ìgò yẹn náà dì,” ni Kolim wí. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wò wọ́n. “Èmi ni mo fi ọwọ́ mi yọ́ ọ.”

“Abba, ẹ jẹun. Ẹ jọ̀ọ́.”

Bàbá Moyez kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ti gbé ọwọ́ sókè, ó ń ṣàdúrà fún ọwọ́ tó tọ́jú ìpín àwọn tálákà, àwọn ará Dhaner sì ń ṣe àmín. Kolim gbé òkèlè náà mì. Ó bu òmíràn. Ó ń jẹ ẹ́, omijé ń bọ́ sínú àwo, kò sì dúró títí ẹran fi tán níwájú rẹ̀.