Ilé Dapper Kò Ní Wà Níhòòhò

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé orí mi ti dàrú, ẹ wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Èmi Otília Dapper, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ni mo gun àkàbà lójú méyọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú wa àti àwọn àlejò láti Porto Alegre, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, tí mò ń fọwọ́ rẹ́ ògiri ilé ara mi. Èmi náà ni, mi ò jiyàn.

Jakob, bàbá bàbá bàbá mi tó ti Jámánì wá, ló fi òkúta kọ́ ilé yẹn, amọ̀ ló sì fi lẹ̀ wọ́n pọ̀. Nígbà tó parí, ó rẹ́ ẹ, ó fi ẹfun kùn ún. Lọ́dọọdún, kí Kerb, àjọ̀dún ìjọ wa, tó dé, kí ẹbí tó wá jẹ kuka, àkàrà òyìnbó aládùn ti àwọn ará Jámánì, a máa ń tún un kùn. Níbí wa, ilé tí òkúta rẹ̀ bá hàn síta, òtòṣì tàbí ọ̀lẹ ló ń gbé e.

Àfi Nestor, ọmọ àbúrò mi, tó di ọ̀gá ètò arìnrìn-àjò nílùú. Ó ní òkúta ni àwọn àlejò fẹ́ máa yà ní fọ́tò. Mo lọ tọ́jú ojú mi ní ilé ìwòsàn lóṣù kẹta. Kí n tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ha ẹfun iwájú ilé mi kúrò dé egungun òkúta. Wọ́n tún kọ ilé náà sínú ìwé ìjọba, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Òjò dé lóṣù kẹfà. Àràárọ̀ ni mò ń gbá amọ̀ pupa tó ń ṣàn jáde láàárín òkúta kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún Nestor pé ògiri ń wú, pé yóò wó lé mi lórí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, òkúta nìyẹn, kì í ṣe bisikíìtì."

Ó dáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ wá gé rìbọ́ọ̀nù láti ṣí ilé náà fún arìnrìn-àjò, mo po amọ̀ mọ́ ẹfun, mo gbé garawa, mo gòkè.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n á mú yín o."

"Kí wọ́n gbé àkàbà tiwọn wá."

"Òkúta làwọn èèyàn yìí wá wò."

"Ìwọ náà bọ́ kóòtù àti ẹ̀wù ẹ, kí wọ́n wo egungun ìhà ẹ."

Méyọ̀ fọwọ́ bo ẹ̀rín. Nestor fi ìbínú di àkàbà mú, ó fi ọwọ́ kejì ti ògiri. Ọwọ́ ọ̀hún ò dúró. Ó gba àárín òkúta méjì wọlé títí dé ọrùn ọwọ́, omi amọ̀ sì ń ṣàn sí apá kóòtù rẹ̀.

"Bisikíìtì ńkọ́?" ni mo bi í.

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó bọ́ kóòtù, ó fi í kọ́ ara rìbọ́ọ̀nù.

"Àǹtí, ibo lamọ̀ wà?"

"Ẹ̀yìn ilé. Yára, òjò ń bọ̀."

Ìwé ìpẹ̀jọ́ láti ọ̀dọ̀ ìjọba dé lọ́jọ́ kẹta. Orúkọ méjì ló wà nínú rẹ̀, tèmi àti ti Nestor. A kun ilé tán ná kí n tó kà á.