Eku Tó Tó Màlúù

Wọ́n lé Fọlákẹ́ kúrò nílé ní Ìgándò nítorí eegun ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan ti màlúù, ọ̀kan ti ọ̀yà.

Tíṣà bàọ́lọ́jì ni, ọmọ Èkìtì. Ilé ìdáná tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò ló ti se eegun náà, ó da ọṣẹ ìfọṣọ sí i kí ọ̀rá lè kúrò, ó sì sá wọn sórí fẹ́ǹsì. Kó tó ti iléèwé dé, Mọ̀dínátù aránṣọ, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ti kó gbogbo ilé jọ síwájú Àlùhájì Nùrẹ́nì, onílé wọn.

"Àlùhájì, ẹ bá mi bi í. Ta ló ń se eegun tí kò lẹ́ran, tí kò láta, tó tún da ọṣẹ sí i? Àbí ọbẹ̀ Èkìtì nìyẹn?"

"Àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo fẹ́ fi hàn," Fọlákẹ́ dáhùn. "Eku kan wà láyé àtijọ́, lókè òkun, tó tó màlúù. Ó ti run. Eegun ẹ̀ ni wọ́n hú nínú ilẹ̀. Bí eegun ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe ki tó ni wọ́n fi mọ bó ṣe wúwo. Ìdílé eku ni ọ̀yà náà. Mo fẹ́ kí wọ́n gbé tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti màlúù, kí wọ́n fojú ara wọn rí i."



"Eku tó tó màlúù?" ni Báyọ̀dé ọlọ́kadà wí. "Ológbò wo ló wá ń pa á?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mọ̀dínátù ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu ara ẹ̀! Ó fẹ́ sọ eku di màlúù. Kí ló máa wá sọ ọmọ mi dà? Qonitah fọwọ́ kàn án o!"

Àlùhájì fa Fọlákẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Tíṣà, mo mọ̀ pé o ò ṣoògùn kankan. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ti lórúkọ burúkú, ta ló máa gbà á? Sọ pé ajá lo fẹ́ kó eegun náà fún, ká parí ẹ̀."

"Mi ò lájá, Àlùhájì."

"Ṣé mo bi ẹ́ bóyá o lájá ni?"

Fọlákẹ́ gbójú sókè. Qonitah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń kọ́ ọmọ náà lọ́fẹ̀ẹ́ ní kọ́rídọ̀, torí ìdánwò àṣejáde. Lánàá ni Qonitah di eegun méjèèjì mú, tó ní, "Àǹtí, èyí lè gbé màlúù dúró. Èyí máa ṣẹ́ ni." Ó ti gbìyànjú láti ṣàlàyé fún ìyá ẹ̀ láàárọ̀. Ìgbátí ló gbà.

"Mo fẹ́ fi kọ́ ọmọ níwèé ni," Fọlákẹ́ sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Kì í ṣe ti ajá."

"Ó dáa," ni Àlùhájì wí. "Ìparí oṣù ni kó o kó jáde."

Ọjọ́ tó ń kẹ́rù sínú kẹ̀kẹ́, Mọ̀dínátù jáde sí i, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn ẹ̀.

"Tíṣà, lẹ́sìnnì Qonitah wá ńkọ́?"

"Ìyá Qonitah, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa lọ."

Akówónjo ló rí yàrá sí. Ó jìn, Mọ̀dínátù ò sì jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ dá ọ̀nà yẹn rìn. Qonitah ṣèdánwò náà, ó yege nínú gbogbo ẹ̀ àfi bàọ́lọ́jì. Nọ́ọ̀sì ló ti fẹ́ ṣe. Ìdí ẹ̀rọ ìyá ẹ̀ ló wà báyìí, ó ń gán bọ́tìnnì.