Bátìrì Lórí Àyà Bàbá

Gbogbo ẹbí ló ti gbà lọ́kàn pé Bàbá Gbàdàmọ́sí ni yóò da ọ̀rọ̀ iná sólà yìí rú. Àgbàlagbà tí kò gbà kí wọ́n kun ilé lọ́dà tuntun, ṣé òun ni yóò gbà kí wọ́n to nǹkan dídán sórí òrùlé? Àfi bí wọ́n ṣe parí àlàyé tí bàbá fò dìde, tó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbé e gun òrùlé! Ẹ tò ó láti igun dé igun!"

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni ilé wọn, ní àárín Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣọ́ọ̀bù ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ayálégbé sì ti ń kó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí iná. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ti sọ ògiri di ìdí ìkòkò. Ameenat tó ń ta ẹja inú yìnyín ti búra pé bí ẹja òun bá tún bàjẹ́ pẹ́nrẹ́n, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lòun ń kó lọ. Bí ayálégbé bá sì tán nílé, Sùnmọ́nù, àbúrò Gbàdàmọ́sí tó ń gbé l'Ékòó, ti ní kí wọ́n kúkú ta ilé náà.

Ilé yẹn nìkan ni Gbàdàmọ́sí ní láyé. Kì í ṣe pé kò ríbi lọ nígbà èwe rẹ̀. Sàréè bàbá wọn ló wà nínú yàrá kan nísàlẹ̀, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ dúró tì í. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á gbá yàrá náà, á tún ẹní tẹ́ sórí pèpéle sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín rẹ̀, á sì ka Yásín.

Ni Moyinolúwa, obìnrin ẹnjiníà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà, bá gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó yí gbogbo ilé po, ó wá dúró gbọn-in sẹ́nu yàrá yẹn gan-an.

"Bàbá, ibí ni bátìrì máa wà."

"Ibí wo?"

"Ibí yìí, sà. Pákó ni ilẹ̀ òkè, kò lè gbà á. Òjò ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ooru inú ṣọ́ọ̀bù á pa á. Ṣùgbọ́n ògiri ibí nípọn, yàrá náà sì tutù."

"Ó gbọ́dọ̀ tutù! Òkú ló wà níbẹ̀!"

Moyin fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì náà ò fi bẹ́ẹ̀ wúwo..."

"Kò wúwo? Dùbúlẹ̀ síbí, ká gbé e lé ẹ láyà, ká wá bi ẹ́ bó ṣe rí!"

Bí ìpàdé ẹbí ṣe délẹ̀ nìyẹn. Sùnmọ́nù gúnlẹ̀ láti Èkó pẹ̀lú agbádá. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé Àǹtí Wòsílátù, ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn, láti Ìjẹ̀bú-Imusin, níbi tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ bàbá wọn tó sùn nínú yàrá náà. Gbàdàmọ́sí fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ láti ká ẹní.

"Sà," ni Moyin wí, ó nawọ́ sí pèpéle, "irin mẹ́rin tí wọ́n gé sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ńkọ́?"

"Ìṣó pósí ni."

"Pósí kẹ̀?" Sùnmọ́nù ló sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni wọ́n ń fi pósí sin Mùsùlùmí?"

Gbogbo ojú yí sí Wòsílátù. Ìyá àgbà náà ti ń rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ìborùn rẹ̀ fi já bọ́.

"Gbàdà, ẹ́ńjìnnì iná bàbá wa ló jókòó síbẹ̀ o! Ọjọ́ tí gílóòbù kọ́kọ́ tàn nílé yìí, gbogbo àdúgbò ló wá wò ó. Nígbà tí bàbá kú, àwọn tó ra ẹ́ńjìnnì náà gé irin tó dè é mọ́lẹ̀, wọ́n gbé e lọ. Ìwọ wà lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ. Bó o ṣe dé, o rí sìmẹ́ǹtì, o ní, 'Ṣé ibi tí bàbá wà rèé?' Ìyá rẹ ń sunkún, ó mi orí. Ta ló fẹ́ bá ọmọ aláìníbaba jiyàn?"

"Àǹtí! Látìgbà náà?"

"Ìgbà tí mo máa fi sọ ọ́, o ti di lèmọ́mù rẹ̀. O ti ka Yásín fún ẹ́ńjìnnì yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kó ti dé àlùjánnà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àfi ẹnìkan. Gbàdàmọ́sí rọra jókòó lórí pèpéle náà. Kò jókòó síbẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó ń fi àtàńpàkò wá àwọn irin náà kiri. Iṣẹ́ Èkó tó kọ̀. Obìnrin tó ní òun ò lè fẹ́ ọkùnrin tó ti fẹ́ sàréè. Sìmẹ́ǹtì ló gba gbogbo rẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Iná ni bàbá fi síbí nígbà náà."

"Iná ni," ni Wòsílátù dáhùn. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹnjiníà, gbé bátìrì rẹ síbí."

"Bátìrì wo?" Sùnmọ́nù ti wọ pálọ̀ tó kọjú sí yàrá náà, ó ti jókòó bàmù sórí àga ńlá, ó ń wá nọ́ńbà lórí fóònù. "Sàréè ló ń dí wa lọ́wọ́. Sàréè kò sì sí mọ́! Ẹ jẹ́ kí n pe ẹni tó fẹ́ ra ilé."

Gbàdàmọ́sí wo àbúrò rẹ̀. Òtítọ́ tó ṣí yàrá fún iná ló tún ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà.

"Sùnmọ́nù," ni Wòsílátù pè é, "rọra jókòó o."

"Kí ló dé, Àǹtí?"

"Wọn ò tíì bí ẹ nígbà tí a sin bàbá. Àwa tí a sin ín la mọ ibẹ̀. Wo abẹ́ àga tó o jókòó lé."

Agbádá fò, fóònù ṣubú. "Súbùhánàlláà! Mo ti ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́ látàárọ̀!" Ó bọ́ bàtà, ó gbé e mọ́yà, ó sì jáde lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kò tún sọ̀rọ̀ títà mọ́.

Nígbà tí Gbàdàmọ́sí ń sin ìyá àgbà wọ kẹ̀kẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Àǹtí mi, ṣé lóòótọ́ ni ti pálọ̀ yẹn?"

"Ṣé wọ́n ṣì ń ta ilé?"

"Rárá."

"Ṣé iná á tàn?"

"Á tàn."

"Kí lo wá ń wá nínú ilẹ̀?"

Kẹ̀kẹ́ gbéra.

Wọ́n parí iṣẹ́ náà. Ẹja Ameenat dì gan-an bí òkúta, kò sì sí èéfín. Jímọ̀ dé. Gbàdàmọ́sí mú ìgbálẹ̀, ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín ilẹ̀kùn méjì. Bátìrì ń kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ òsì. Lọ́wọ́ ọ̀tún, àga ńlá wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé mọ́. Ó dúró títí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá yàrá, ó gbá pálọ̀, ó gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbá a dé iwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá," ni Ameenat wí, "ṣé ẹ fẹ́ ṣàlejò ni?"

"Mi ò mọ ibi tí bàbá mi jókòó sí ni."