Etí Tó Dákẹ́

Baba Elétí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kì í sì í ṣe pé etí rẹ̀ tóbi. Òun ló ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù gígùn kan nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní etí. Inú páìpù yẹn ni àwọn èérún tójú ò lè rí ti ń sáré àsápajúdé. Bí díẹ̀ nínú wọn bá yà lọ́nà, tí wọ́n kọ lu ara páìpù, etí tó wà nítòsí á ké, ẹ̀rọ ńlá á sì dúró kí páìpù tó jóná. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìtànṣán tó ń jáde níbi ìkọlù náà ń ba etí fúnra rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Lóṣù kan, etí ibi kọ́nà páìpù náà ò ké rárá. Òdo ni ojú kọ̀ǹpútà ń fi hàn, Baba Elétí sì ń yìn ín bí ọmọ tó gbọ́ràn. Àfi bí etí mìíràn, tó jìnnà síbẹ̀, ṣe figbe ta lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nígbà tí wọ́n wọlé lọ wò ó, kọ́nà ti jó dúdú. Etí ibẹ̀ ti kú tipẹ́, wọ́n sì ń yọ̀ sí ìdákẹ́ òkú.

Ọ̀gá wọn, obìnrin aláwàdà kan, ní, "Baba Elétí ti wá di elétí ikún! Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Láràárọ̀, ká tó tan ẹ̀rọ, ẹ máa fi iná mànàmáná díẹ̀ ta àwọn etí yìí jí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ò bá dáhùn, ẹ yọ ọ́."

Baba Elétí fi etí tuntun síbẹ̀, oní-dáyámọ́ńdì, tí ìtànṣán kì í tètè rí gbéṣe. Láti ìgbà náà, òun nìkan á jókòó láàárọ̀, á ta wọ́n jí, iná aláwọ̀ ewé á sì máa tàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Kò ní ẹlòmíì tó lè kí káàárọ̀. Nílé rẹ̀, aṣọ tí kò tíì ká ló jókòó sórí àga ìyàwó rẹ̀ tó ti kú.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin pè é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

"Bàbá mi, ṣé dáadáa lẹ wà?"

"Dáadáa ni. Kò séwu."

"Ó dáa. Èmi àtàwọn ọmọ fẹ́ lo ìsinmi yìí létí òkun. Ẹ ṣáà ti wà dáadáa, a ò ní wá da yín láàmú."

"Ẹ gbádùn ara yín o."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Látìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kú, "Dáadáa ni" nìkan ni ìdáhùn tó ń fún un. Òdo, òdo, òdo. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ó rẹ́rìn-ín títí àyà fi ń dùn ún. Ó rántí kọ́nà tó jó dúdú. Ó tún gbé fóònù, ó pe ọmọ náà padà.

"Bàbá, kí lẹ gbàgbé?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Ilé yìí dá páropáro. Àárò ìyá rẹ ń sọ mí, tìẹ náà ń sọ mí. Mi ò wà dáadáa rárá."

Kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù bà á.

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

Ọmọ náà ti ń sunkún. "Mo wà ńbí, Bàbá. Mò ń gbọ́ yín. Ẹ máa sọ ọ́."