Sátọ̀n Wọ Kọ́là

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni bàbá tí gbogbo èèyàn ń pè ní Fọ́tò fi ya àwòrán àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ọkọ àti ìyàwó, ọmọ jòjòló, àwọn tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà tí wọn ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó pé ẹni àádọ́rin ọdún, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ lọ máa ya àwọn tí kò ní bi òun pé kí ló dé tí imú àwọn fi tóbi tó báyìí.

Àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ.

Ó ra awò awọ̀nàjíjìn kan lọ́wọ́ olùkọ́ tó fẹ́ kó lọ sí ìlú míì. Awò náà gùn tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò ní ẹ̀rọ tí yóò máa dá yí i. Bẹ́ẹ̀, ayé ò dúró lójú kan. Béèyàn bá dojú awò kọ pílánẹ́ẹ̀tì, kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ayé á ti yí, pílánẹ́ẹ̀tì á sì ti yọ́ jáde nínú awò bí àlejò tí ò fẹ́ dágbére. Ẹni tó bá fẹ́ yà á ní láti máa fọwọ́ yí irin roboto kan lára awò náà, èyí tí kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, díẹ̀díẹ̀, kó máa fi tẹ̀ lé e. Bó bá yí i jù, ó ti kọjá rẹ̀. Bí kò bá yí i tó, ó ti sọ ọ́ nù.

Orí òrùlé pẹlẹbẹ ilé wọn ló gbé e sí, láàárín táǹkì omi àti okùn tí ìyàwó rẹ̀ ń sá aṣọ sí. Nírọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ó ti wà níbẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fi ojú wá ohun tó fẹ́ yà, lẹ́yìn náà ni yóò wá ki kámẹ́rà kékeré kan bọ ẹnu awò, tí okùn rẹ̀ lọ sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká. Fídíò ló máa ń ya, torí ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un pé kọ̀ǹpútà lè ṣa ibi tó mọ́ jù nínú fídíò, kó tò wọ́n lé ara wọn, kó fi wọ́n ṣe àwòrán kan tó dán.

Oṣù méjì gbáko, kò rí nǹkan gidi yà. Ó ti tó ọdún kan tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Bó bá ti fọwọ́ kan irin roboto yẹn báyìí, Sátọ̀n, pílánẹ́ẹ̀tì olórùka tó kọ́kọ́ fẹ́ yà, á fò sókè, á fò sísàlẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó ń bá nínú fídíò dà bí ìrẹsì tí bàtà tẹ̀.

"Àwọn pílánẹ́ẹ̀tì yín ńkọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ máa ń bi í bó bá sọ̀ kalẹ̀.

"Wọ́n wà. Wọn ò kàn fẹ́ jókòó ni."

Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyàwó yìí. Nínú yàrá iwájú ló ti ń rán aṣọ, lórí máṣíìnì ọlọ́wọ́ tí ìyá rẹ̀ fún un. Ó ní ti oníná ń ṣe bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kò tíì wo inú awò rí. Ọkọ rẹ̀ ò pè é, òun náà ò sì jẹ́ kó hàn pé ó ń wu òun.

Lọ́jọ́ kan, ó gòkè lọ kó aṣọ. Fọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí Sátọ̀n tán ni, kámẹ́rà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Aránṣọ ṣe ń kọjá, etí aṣọ ibùsùn tó kó mọ́ra kọ́ awò, awò sì yíjú sí táǹkì omi.

Fọ́tò jókòó wọ̀ọ̀. "Ó parí. Ó tó ogún ìṣẹ́jú tí mo fi wá a."

"Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá a."

"O ò lè rí i."

"Èmi tí mò ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́?"

Ó gbé aṣọ kalẹ̀. Fọ́tò nawọ́ sí Sátọ̀n, tó dà bí ìràwọ̀ tó pọ́n díẹ̀ bí oyin lókè ilé kejì. Aránṣọ di ojú kan, ó wo ẹ̀gbẹ́ awò bí ẹni tó ń wò ó bóyá ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì dọ́gba, ó tì í síbí, ó tì í sọ́hùn-ún, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Kí lo rí?"

"Ó wọ kọ́là."

"Ó wọ kí ni?"

"Kọ́là. Wọ́n rán an yí i lọ́rùn ká, kò sì wọ́ níbì kankan." Ó rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Áà, ó fẹ́ máa lọ."

Kí Fọ́tò tó lanu, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ti dórí irin roboto náà. Bó ṣe ń yí kẹ̀kẹ́ ara máṣíìnì nígbà tí abẹ́rẹ́ bá dé kọ̀rọ̀ àpò, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yí i, bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan.

"Ṣé ó ti jáde?" Fọ́tò bi í.

"Rárá."

Fọ́tò kà dé ọgọ́ta. "Ó ṣì wà?"

"Ó wà láàárín gbùngbùn. Ibo ló fẹ́ lọ?"

Fọ́tò dìde. Ó rọra ki kámẹ́rà bọ ẹnu awò, Sátọ̀n yọ lójú kọ̀ǹpútà, Aránṣọ sì ń wo ibẹ̀ tó ń yí irin rẹ̀ lọ. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Fọ́tò pàtẹ́wọ́, ó jó yí táǹkì omi ká. Nígbà tó padà dé ìdí kọ̀ǹpútà ló rí i pé òun ò tẹ bọ́tìnnì tó ń gba fídíò sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi di okùn aṣọ mú.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òjò fi rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́jọ́ kejì òjò, bí wọ́n ti ń mu tíì, Aránṣọ ní, "Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Tíì máa ń dà sínú sọ́sà."

"O ò sọ."

"Ẹ̀yin náà ò sọ."

Fọ́tò wo ọwọ́ rẹ̀. "Ó dáa. Ìwọ lo máa wa awò, èmi ni màá máa tẹ bọ́tìnnì."

"Tẹ́ ẹ bá rántí."

Lọ́jọ́ kẹrin, ojú ọ̀run mọ́ bí abọ́ tí wọ́n fọ̀. Wọ́n gòkè. Fọ́tò tẹ bọ́tìnnì, ó tún bẹ̀rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àárín iṣẹ́ ni wọ́n wà tí oníbàárà kan kígbe láti ìsàlẹ̀ pé òun wá gba síkẹ́ẹ̀tì òun. Aránṣọ ò yí ọrùn. "Ó wà lórí àga, mú un kó o máa lọ," ló fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ, àfi bí ẹni tó ń bá Sátọ̀n sọ̀rọ̀. Fọ́tò ló wá bá a kígbe ọ̀rọ̀ náà sísàlẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé fídíò náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ wọn jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwòrán jáde, òrùka yí Sátọ̀n ká rekete, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà nínú òrùka náà. Ọmọ náà wò ó, ó wo bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, ibo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ ti rí eléyìí?"

Inú Fọ́tò dùn sí ẹ̀sùn náà ju ìyìn lọ. "Bi ìyá ẹ. Òun ló wa awò."

"Ojú rírán nìyẹn," ni Aránṣọ wí, ó fìka lé ìlà dúdú náà. "Mo ti sọ pé wọ́n rán an ni."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà tó fẹ̀ bí fèrèsé. Fọ́tò kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ó kọ tirẹ̀ sábẹ́.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, Aránṣọ sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lòun yóò máa ṣíwọ́ iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ya Júpítà, pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, Fọ́tò gun òkè dé, ó bá a níbẹ̀, ó ti gbé àga tìmùtìmù lọ sídìí awò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Jẹ́ kí n wò ó díẹ̀," Fọ́tò ní.

"Ẹ ní sùúrù ná. Mò ń ka àwọn òṣùpá rẹ̀. Mo ti rí mẹ́ta."

Fọ́tò ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ó tò sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, òun nìkan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró kó kàn án.