Ohun Tí Bàbá Tẹ̀ Láàárọ̀ Ọjọ́ Náà

Ojú ẹ̀rọ náà ṣókùnkùn, ìlà funfun wẹ́wẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya lórí rẹ̀ bí ọ̀wọ́ èèrà. Àbíkẹ́yìn di etí tábìlì mú. Bí èyí náà bá kọ̀, kò mọ ohun tó kù tí òun ó ṣe mọ́. Fláàṣì kékeré tó kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ń ṣẹ́jú pupa. Bàbá rẹ̀ jókòó tì í lórí àga onírọ̀rí, aṣọ funfun tí wọ́n fi bo ihò ọrùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe ń mí, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ẹ̀rọ.

"Ẹ fara balẹ̀, Bàámi," ni ó wí, bẹ́ẹ̀ ara tirẹ̀ gan-an ni kò balẹ̀.

Ojú ẹ̀rọ tàn. Àwọ̀ búlúù kan, àwòrán mélòó kan nísàlẹ̀, ó parí. Kò sí orin, kò sí àṣehàn. Àbíkẹ́yìn ṣí ojú ewé òfìfo kan, ó sì yí kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ bàbá.

Kọ̀ǹpútà kékeré ni, kò fẹ̀ ju ìwé kan lọ, òun ni Àbíkẹ́yìn lò nílé ẹ̀kọ́ láyé àtijọ́. Ó ti darúgbó ní tirẹ̀ náà. Ètò tó ń gbé e ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti wúwo jù fún un; bí èèyàn bá tẹ lẹ́tà kan, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ sinmi, á ronú sí i, kó tó gbé e jáde. Ẹlòmíràn lè fara dà á. Bàbá yìí kì í ṣe ẹlòmíràn. Táípíìsì kóòtù ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Adájọ́ ń sọ̀rọ̀, ẹlẹ́jọ́ ń sunkún, ìka rẹ̀ ń bá ẹnu gbogbo wọn sáré. Bàbá Máṣìítẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin tó kọ́ níṣẹ́ ń pè é, torí ohun tó ń tẹnu mọ́ fún wọn lójoojúmọ́ nìyẹn: má ṣì í tẹ̀.

Ọ̀nà ọ̀fun ni àrùn jẹjẹrẹ ti mú un. Wọ́n gé ibi tí ohùn ń gbà jáde kúrò, wọ́n sì lu ihò sí i lọ́rùn kó lè máa rí èémí mí. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, ìka rẹ̀ kò lè fún bírò mọ́, ohun tó bá kọ á sì dà bí ibi tí adìẹ ti tanlẹ̀. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó, ó fà á ya. Ìka tí kò lè di nǹkan mú ṣì lè gbá bọ́tìnnì ṣá, ni Àbíkẹ́yìn bá gbé kọ̀ǹpútà kékeré yẹn fún un. Kàkà kó sàn. Bàbá á tẹ gbólóhùn kan tán, á dúró, á máa wo ojú ẹ̀rọ tí kò mira, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á ya jáde lọ́wọ̀ọ́wọ́, ìdajì rẹ̀ á sì ti sọnù. Lọ́jọ́ kan ó pa á dé, ó kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, orí ló fi ń dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bá bi í.

Kí ni èèyàn fẹ́ bá ẹni tó jẹ́ pé orí mímì nìkan ló kù fún jíròrò? Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ti délẹ̀ tó gba ìjíròrò. Àrùn ọ̀hún ti padà wá, abẹ́ ahọ́n ló fi ṣe ibùjókòó lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn dókítà fẹ́ tún un gé. Ó lè fún un ní ọdún díẹ̀ sí i láyé; ó sì lè gba ahọ́n rẹ̀ lọ, kí wọ́n máa fi rọ́bà bọ́ ọ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́yìn ọkùnrin, tó ń gbé ọ̀nà jíjìn, ti sọ tirẹ̀ lórí fóònù: "Ẹ gbé wọn lọ jàre, kí la tún ń rò?" Dókítà ní tirẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní bàbá fúnra rẹ̀ ni kó sọ ohun tó fẹ́, bẹ́ẹ̀dì ti wà nílẹ̀ fún ọ̀la, òun á pè nírọ̀lẹ́ láti gbọ́ èsì. Nígbà tí Àbíkẹ́yìn bi bàbá, kò mi orí sókè, kò mì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ju orí mímì lọ.

Ìdí nìyẹn tí Àbíkẹ́yìn fi gbé ẹ̀rọ náà tọ Fẹ̀sọ̀ lọ. Fẹ̀sọ̀ ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì tí Àbíkẹ́yìn ti ń ṣiṣẹ́, "fẹ̀sọ̀, fẹ̀sọ̀" kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Kò tíì kú," ni Fẹ̀sọ̀ wí. "Ẹrù orí ẹ̀ ló pọ̀ jù. Sọ ẹrù kalẹ̀ fún un, á rìn." Ó bá a gbé Linux, ètò mìíràn tó lè gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, sórí fláàṣì, èyí tó fúyẹ́ jù lọ nínú gbogbo èyí tó ní. "Ṣùgbọ́n fẹ̀sọ̀ o. Orí fláàṣì ló ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì wọnú ẹ̀rọ. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ṣe, inú ìrántí lásán ló wà. Tẹ́ ẹ bá ti pa á, ó tán nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Tó bá gbà, kí o wá gbé e wọnú ẹ̀rọ dáadáa."

Àbíkẹ́yìn gbọ́ ọ yékéyéké. Bó bá gbé e wọnú ẹ̀rọ, yóò nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ àwòrán ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ṣì wà níbẹ̀. Ó ní òun á kọ́kọ́ kó àwòrán jáde nírọ̀lẹ́.

Bàbá gbé ìka lé bọ́tìnnì. Ó tẹ ìkan. Lẹ́tà náà yọ kí ìka rẹ̀ tó kúrò. Ó dúró, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ tí wọ́n ní ó ti kú. Ó tún tẹ̀, ó tẹ̀ léra, ó ń sáré, ọ̀rọ̀ ń bá a sáré, kò sí èyí tó ṣubú lọ́nà. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, èémí ń súfèé nínú ihò ọrùn rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín. Àbíkẹ́yìn náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

*Máa lọ síbi iṣẹ́,* ni bàbá tẹ̀. *Ọ̀rọ̀ mi pọ̀. Kà á kí dókítà tó pè.*

"Bàámi, ẹ kúkú sọ díẹ̀ níbẹ̀ fún mi kí n tó lọ."

Bàbá fọwọ́ lé e bí ó ti máa ń lé àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá ń yọjú wo ìwé tí kò tíì jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Àbíkẹ́yìn gbé báàgì, ó sáré jáde, torí ó ti pẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó sọ, kò sọ ọ́.

Fẹ̀sọ̀ ló rán an létí lọ́sàn-án, láìgbé orí kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀. "Ṣé ó gbà?"

"Ó gbà! Ṣe ló ń sáré."

"O sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má pa á?"

Ọwọ́ Àbíkẹ́yìn dúró lórí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì. Ó pe fóònù bàbá. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Bàbá kì í gbé fóònù mọ́ láti ìgbà tí kò ti ní ohùn. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, bó tilẹ̀ mọ̀ pé bàbá kì í wò ó. Ó bẹ ọ̀gá pé kí òun sáré délé, ọ̀gá fi ojú júwe ìwé ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ tó wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ló bá ń tu ara rẹ̀ nínú. Iná ṣáà wà lára ẹ̀rọ. Bàbá kò mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á. Kò ní í pa á. Kí ló máa pa á fún?

Nígbà tó délé, bàbá ń dúró dè é, ara rẹ̀ yá ju ti àárọ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì. Ó ti pa á dé, ó ti yọ wáyà rẹ̀, ó ká a nigín-nigín, ó sì fi aṣọ mímọ́ bò ó bí wọ́n ṣe ń bo táípúráítà bí iṣẹ́ ọjọ́ bá parí.

Àbíkẹ́yìn ju báàgì sílẹ̀.

Bàbá kò jẹ̀bi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Níbi tó ti ṣiṣẹ́ jẹun, ohun tí ìka bá ti tẹ̀ ti wà lórí ìwé nìyẹn, iná nìkan ló lè gbà á lọ́wọ́ ẹni. Kò sẹ́ni tó ń bẹ bébà pé kó jọ̀ọ́ bá òun tọ́jú ọ̀rọ̀. Èèyàn á ṣe iṣẹ́ tán, á pa ẹ̀rọ, á bò ó. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó nawọ́ sí i: kà á.

Àbíkẹ́yìn ká aṣọ kúrò, ó tan ẹ̀rọ. Òkùnkùn, ìlà wẹ́wẹ́, àwọ̀ búlúù. Ó wá a níhìn-ín, ó wá a lọ́hùn-ún. Ibi gbogbo mọ́ nini. Mo gbé, ló ń sọ nínú, mo gbé o.

Ó yẹ kó sọ ọ́ nígbà náà. Ó tilẹ̀ ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ó wòkè, ó sì rí i bí bàbá ṣe ń wo òun, bí ẹni tó dúró de ìdájọ́. Ìka rẹ̀ ti wú, ó kó wọn sórí itan. Gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ ló ti lò sórí iṣẹ́ àárọ̀ yẹn. Ẹnu wo lèèyàn fẹ́ fi sọ fún un pé ó ti bómi lọ? Àbíkẹ́yìn tẹ orí ba. Ó ń wo ojú ewé òfìfo, ó ń yí ojú láti òsì sí ọ̀tún, ó ń tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà tó kàn. Omijé tó nù kì í ṣe irọ́.

"Mo ti kà á, Bàámi."

Bàbá fa kọ̀ǹpútà náà mọ́ra. Àbíkẹ́yìn ti yára ṣí ewé tuntun fún un.

*Ṣé o gbà?*

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Àbíkẹ́yìn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó ń fẹ́ bàbá rẹ̀ láàyè, ó fẹ́ ẹ débi pé kò lè ro nǹkan mìíràn. Ẹni tí ayé ti sú kì í jókòó tẹ̀wé láti àárọ̀, ló wí fún ara rẹ̀. Ìlànà ló máa jẹ́, bí wọ́n ṣe máa tọ́jú òun tí wọ́n bá gé e tán.

"Mo gbà, Bàámi."

Bàbá mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó pẹ́ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. *Ẹ̀rù ń bà mí pé o ò ní gbà,* ló tẹ̀. *O ṣeun.* Nǹkan kan gún Àbíkẹ́yìn láyà, ṣùgbọ́n ó fún un ní ìtumọ̀ kíá: wàhálà ìtọ́jú tó máa já lé òun léjìká ni bàbá ń bẹ̀rù.

Fóònù dún. Dókítà ni. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Kí ni Bàbá wí?"

Àbíkẹ́yìn wo bàbá. Bàbá mi orí sí i pé kó máa sọ ọ́.

"Wọ́n ti gbà, Dókítà. A máa wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la fún iṣẹ́ abẹ náà."

Ó yíjú padà.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Bàbá kò bínú. Ì bá bínú ni, Àbíkẹ́yìn ì bá mọ bí òun ó ṣe bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń wò ó, bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó fi ọ̀bẹ lé lọ́wọ́ pé kó bá òun tọ́jú, tó wá kọ ẹnu rẹ̀ sí òun. Ojú yẹn ni Àbíkẹ́yìn ti ka gbogbo ohun tí bàbá tẹ̀ láàárọ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní kí wọ́n má gé òun mọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kú sílé.

"Dókítà, ẹ dúró ná, ẹ jọ̀ọ́." Ó já fóònù sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Bàámi, n ò kà á. Òfìfo ni mo bá. Ó ti pa rẹ́ nígbà tẹ́ ẹ pa ẹ̀rọ, èmi ni n ò sọ fún yín. Irọ́ ni mo pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un tẹ̀. Ẹ tẹ *rárá* péré."

Ó gbé kọ̀ǹpútà náà lé e lẹ́sẹ̀. Bàbá kò fọwọ́ kàn án. Ọdún gbọọrọ ló fi jókòó ní kóòtù, ó sì ti tẹ ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ láìmọye: ẹni tó ti fọwọ́ síwèé, tó wá ń sunkún pé òun kò ka ohun tó wà níbẹ̀. Kò bá wọn jiyàn rí. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni.

Ó fọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ lórí. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí báàgì tí wọ́n máa ń kó aṣọ rẹ̀ sí lọ sí ilé ìwòsàn, pé kó máa dì í.

"Bàámi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ la máa ṣe. Òótọ́ ni mò ń sọ."

Bàbá mi orí sí i, jẹ́jẹ́, bí èèyàn ṣe ń gbà fún ọmọdé kó lè sùn. Fóònù tó ti gé tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún nílẹ̀; dókítà ló padà pè. Ó fi àgbọ̀n júwe rẹ̀ fún un. Ó yé Àbíkẹ́yìn nígbà náà pé bàbá ti gbà ní tòótọ́ láti lọ fún iṣẹ́ abẹ, pé nítorí tòun ló ṣe gbà, àti pé kò sí ohun tí òun lè sọ mọ́ tí bàbá yóò gbà gbọ́.

Ó gbé fóònù náà.