Ẹ̀kán Ọ̀dà Kan fún Abà Igbà

Tẹ́ṣàn Abà Igbà ti di igbá kí n tó dé ibẹ̀. Àwọn èrò jókòó sínú rẹ̀ bí ògì, ara wọn ń yọ̀ lọ sí àárín. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Igbá kọ́ ni orúkọ ibẹ̀. Igbà ni, okùn tí bàbá mi fi ń gun ọ̀pẹ níbẹ̀, létí ìlú, kí ojú irin tó gba oko náà. Okùn yẹn ni wọ́n fi sọ tẹ́ṣàn lórúkọ. Ṣùgbọ́n ABA IGBA ni wọ́n kọ sára pátákó, láìfi àmì ohùn kankan sí i, bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣe pè é ni tẹ́ṣàn ń dà.

Mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyọyè, ọ̀gá tẹ́ṣàn, pé, "Ẹ bá wa fi àmì sí i, sà. Bàbá mi wà nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Wọn ò ní sọ̀ níbi tí kì í bá ṣe tiwọn."

"Bàbá rẹ tó ti kú?"

"Àwọn náà ni."

"Hẹn-ẹn. Ọ̀dà ti tán."

Wọ́n ti kun ògiri. Wọ́n kun igi máńgòrò tèso-tewé, wọ́n sì kun adìẹ kan tó ń kọjá lọ. Odidi garawa ọ̀dà ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, wọn ò sì ní ẹ̀kán kan fún àmì. Inú bí mi débi pé eyín mi gbóná.

"Ṣé o fẹ́ kọ́ wa ní ábídí ni?" Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyọyè gbójú sókè, ó ka pátákó ní igba. Tẹ́ṣàn di igba, ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré bí àpótí. Igba ọ̀gá tẹ́ṣàn fọn fèrè, kò sí àga kan tí àgbàlagbà lè jókòó lé. Obìnrin kan tó pọn ọmọ kà á ní ìgbà. Tẹ́ṣàn di ahéré, ó di bíríkì pupa, ó di gíláàsì, igbó bò ó, ó tún di ahéré. Gbogbo bíríkì yẹn ṣòfò.

Ọkọ̀ ojú irin dé, ó ga bí ọ̀pẹ. Bàbá mi yọjú lójú fèrèsé.

"Níbo nìyí?"

"Abà Igbà ni, Bàbá. Tiyín ni."

"Igbá ni pátákó yín ń pè. Èmi ò ta igbá rí."

Pátákó rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ju igbà wọn sí mi. Mo ti ìka bọ ọ̀dà inú gọ́tà, mo fi igbà so ara mi mọ́ òpó pátákó, mo gùn ún, mo sì fa àmì ohùn ìsàlẹ̀ sórí A tó kẹ́yìn. Pátákó pe orúkọ ara rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Bàbá mi dìde. "Ó tó báyìí. Ju okùn mi fún mi kí n sọ̀."

Ọkọ̀ ti ń mira. Mo tú okùn, mo jù ú sí wọn. Wọ́n hán an. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé òun ló so mí mọ́ òpó.